John Hart, àgbẹ̀ tó buwọ́ lùwé òmìnira Amẹ́ríkà: èwo ló jóòótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń pín kiri nípa ẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ládùúgbò wa, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ọdún torí a fẹ́ káwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa dá sí òṣèlú. Ẹnì kan wá fi ìtàn John Hart ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa. Ó ní àgbẹ̀ tálákà tí ò kàwé ni, pé nígbà tó buwọ́ lùwé òmìnira Amẹ́ríkà tán làwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ẹ̀ tó ń kú lọ, ó sùn nínú igbó àti ihò àpáta fún ohun tó lé lọ́dún kan, ìgbà tó fi máa padà, ìyàwó ti kú, ọmọ mẹ́tàlá ti fọ́n ká, ìbànújẹ́ sì pa òun náà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Báwo wá ni àgbẹ̀ tálákà ṣe débi yẹn? Bùrọ̀dá mi tó wà ní New Jersey tiẹ̀ ní òun fẹ́ lọ wo sàréè ẹ̀."

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Mo mọ ìtàn yẹn dáadáa, gbogbo ìgbà tí July 4, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, bá ti ń sún mọ́lé ló máa ń jí padà, èèyàn á fi ránṣẹ́ sí èèyàn, tọ̀hún náà á tún tì í síwájú láì bi ara ẹ̀ léèrè ohun tó kà. John Hart kì í ṣe àlọ́ o. Ó gbé ayé, àgbẹ̀ ni lóòótọ́, Hopewell ní New Jersey ló ti dáko, ó buwọ́ lùwé lóòótọ́, ó sá wọ igbó lóòótọ́, ìyàwó ẹ̀ sì kú lọ́dún yẹn kan náà. Ibi tọ́rọ̀ ti wọ́ ni bí wọ́n ṣe kó nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ra di ìtàn ẹkún. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú èyí tó dùn mí jù níbẹ̀, kì í ṣe ti ìyàwó tàbí ti ikú, "tálákà" yẹn ni, torí òun ló máa ṣi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín lọ́nà jù, mo sì máa débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìyàwó. Deborah Scudder lorúkọ ẹ̀ nílé bàbá ẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1776 ló kú, ọkọ ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ tá à ń wí yìí, apá New York làwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá George Washington, ọ̀gágun àwọn Amẹ́ríkà, fà á, wọn ò tíì kógun wọ New Jersey rárá. Ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ni wọ́n tó sọdá odò Hudson tí wọ́n gba Fort Lee, nígbà yẹn ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́fà tí màmá ti kú. Kò sẹ́ni tó lè lé ọkọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn tó ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́? Lóòótọ́ mẹ́tàlá ni Deborah bí, àmọ́ bàbá yẹn ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀ ti di géńdé àti abilékọ, wọ́n ti wà nílé tiwọn. Èèyàn ń ka ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn, á máa rò pé àwọn ọmọdé mẹ́tàlá ló ń ké nínú yìnyín. Kò sí èyí tó di àwátì nínú wọn.

Ti ikú ẹ̀ náà, ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1779 ló kú, ìyẹn ohun tó lé lọ́dún méjì lẹ́yìn tó ti kúrò nínú igbó. Òkúta inú kíndìnrín ló pa á, ó sì jẹ ẹ́ níyà fún ìgbà pípẹ́ kó tó lọ. Àìsàn tó le ni lásìkò tí kò sí iṣẹ́ abẹ tó dáa tàbí oògùn tó ń pa ìrora, mi ò ní fojú kéré ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ìbànújẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá tún sọ fún yín pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn kan nínú àwọn 56 tó buwọ́ lùwé lóró títí wọ́n fi kú, irọ́ nìyẹn náà. Wọ́n mú márùn-ún nínú wọn lásìkò ogun, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, gbogbo wọn ló sì jáde láàyè.

Sísá tó sá ni òótọ́ ibẹ̀, òun náà ló sì yẹ kéèyàn dúró lé lórí. Lẹ́yìn tí Fort Lee bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Washington ń padà sẹ́yìn, wọ́n ń lé e bọ̀ gba àárín New Jersey kọjá, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, ó ti kó àwọn sójà ẹ̀ tó kù sọdá odò Delaware bọ́ sí Pennsylvania. Gbogbo ìpínlẹ̀ yẹn wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Hart ló jẹ́ spíkà ilé aṣòfin New Jersey nígbà yẹn, látinú oṣù kẹjọ ni wọ́n ti yàn án, òun sì ni spíkà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ọba. Àwọn aṣòfin túká, oníkálùkù gba ilé ẹ̀ lọ. Làwọn sójà Jámánì tí ọba Gẹ̀ẹ́sì háyà àtàwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn bá dé agbègbè Hopewell, wọ́n ń kó ẹran ọ̀sìn, wọ́n ń kó ọkà, wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n mọ orúkọ wọn. Bàbá yẹn bá gba orí òkè Sourland lọ, òkè onígbó tí àpáta kúnnú ẹ̀ tí kò jìnnà sóko ẹ̀, nínú òtútù December. Ihò àpáta tí wọ́n sọ yẹn, ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún òru kan tàbí méjì, àmọ́ ọdún kan kọ́, kò sún mọ́ ọ. Òru ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni Washington sọdá Delaware padà, ilẹ̀ township Hopewell gan-an ló sì gúnlẹ̀ sí, wọ́n rìn gba ibẹ̀ lọ bá àwọn sójà Jámánì ní Trenton láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n tún ja ti Princeton lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1777, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kẹ́rù wọn padà sọ́dọ̀ New Brunswick, ọ̀nà ilé sì là fún Hart. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ má wá sọ pé "áà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré." Ohun tó wà níbẹ̀ tí WhatsApp ò sọ nìyí. Ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1776, William Howe tó jẹ́ ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìkéde kan pé ẹnikẹ́ni tó bá wá láàárín 60 ọjọ́ tó búra pé òun á máa tẹrí ba fún ọba, wọ́n á dárí jì í, ohun ìní ẹ̀ á wà bó ṣe wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn New Jersey ló lọ búra yẹn, kì í ṣe mẹ̀kúnnù nìkan o. Samuel Tucker tó ti jẹ́ ààrẹ àpérò ńlá tó gba ìjọba lọ́wọ́ gómìnà ọba lọ gba ìwé ààbò lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Stockton tóun àti Hart jọ buwọ́ lùwé, àwọn tó ń ti ọba lẹ́yìn mú un lóru ọjọ́ tí ìkéde yẹn jáde gan-an, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ lẹ́wọ̀n, wọn ò sì fi í sílẹ̀ àfi ìgbà tó ṣèlérí pé òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ ogun yẹn mọ́. Mi ò bú wọn o, ta ló mọ ohun tóun fúnra ẹ̀ máa ṣe tí ìbọn bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ Hart, arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó ẹ̀, tó ní oko tí wọ́n lè jó, tó ní ilé ọlọ tí wọ́n lè bà jẹ́, tó jẹ́ pé ìwé kékeré kan ló kù kó buwọ́ lù kí gbogbo wàhálà tán, kò lọ. Ó wà nínú igbó títí wọ́n fi lọ. Lọ́dún 1777 yẹn kan náà, òun ló tún ń darí ilé aṣòfin tó lọ ń ṣèpàdé ní Haddonfield, nínú ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Indian King, torí ibi tó bá ṣáà ti jìnnà sí sójà díẹ̀ ni wọ́n ń lò. Tí mo bá jẹ́ yín, ibí yìí ni mo máa sọ níbi ìpàdé.

Báwo wá ni irọ́ ṣe wọ̀ ọ́? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n tẹ oríṣiríṣi ìwé tó ń ròyìn ayé àwọn tó buwọ́ lùwé, ìwé ìwúrí ni wọ́n, ẹni tó ń kọ ọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yẹ ìwé ìjọba wò, ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò ló ń kọ. Ìyàwó kú nígbà ìwọ́wé, ọkọ sá nígbà òtútù, àádọ́ta ọdún ti kọjá lórí ẹ̀, ó rọrùn kí méjèèjì di ọjọ́ kan. Hart náà ò sì kọ ìwé ìrántí kankan tẹ́nì kan lè fi ta kò ó. Gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tẹnu dé ẹnu, ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún, àwọn ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ di ọmọ tó sọnù.

Ó tó, ẹ jẹ́ ká wá sórí "tálákà." Tálákà kẹ̀? Lọ́dún 1740, ó ra ilẹ̀ 193 éékà ní Hopewell, ó ń rà kún un títí tó fi lé ní 600 éékà, wọ́n kà á mọ́ àwọn onílẹ̀ tó tóbi jù ládùúgbò yẹn. Ó ní ilé ọlọ tí omi ń yí, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ní ọlọ nígbà yẹn, gbogbo àgbẹ̀ tó yí i ká ló máa gbé ọkà wá bá a, ìyẹn ni pé ó ń rówó, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú, wọ́n sì mọ ojú ẹ̀. Òfin New Jersey nígbà ọba pàápàá sọ pé ẹni tó máa jókòó nílé aṣòfin gbọ́dọ̀ ní 1,000 éékà tàbí ohun ìní tó tó 500 pọ́ùn, ẹni tó máa dìbò gan-an gbọ́dọ̀ ní 100 éékà tàbí 50 pọ́ùn. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ 2 oṣù keje ọdún 1776 mú kí ìbò dídì rọrùn díẹ̀, ẹni tó bá ṣáà ti ní 50 pọ́ùn lè dìbò, débi pé obìnrin tí ò lọ́kọ tó lówó tó bẹ́ẹ̀ ń dìbò níbẹ̀ títí di 1807, àmọ́ ẹni tó fẹ́ wọ ilé aṣòfin ṣì gbọ́dọ̀ ní 500 pọ́ùn yẹn. Lébìrà tó ń báni ro oko, tí ò ní ilẹ̀, kò lè du ipò tí Hart dù, kódà bí gbogbo ìlú bá fẹ́ràn ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé àgbẹ̀ ni, wọ́n ń fi í wé àwọn lọ́yà àti oníṣòwò ojú omi ni, wọn ò fi í wé ẹni tí ò ní nǹkan kan.

Ẹ tún gbọ́ èyí, kò dùn ún sọ ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fò ó: Hart ní ẹrú. Èèyàn dúdú ń ṣiṣẹ́ lóko ẹ̀ láìgbowó, lásìkò tó buwọ́ lùwé tó sọ pé dọ́gbadọ́gba ni Ọlọ́run dá gbogbo èèyàn. Òun nìkan kọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó buwọ́ lùwé ló rí bẹ́ẹ̀, ti Àríwá náà wà lára wọn, kì í ṣe Gúúsù nìkan gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń rò. New Jersey ò ṣe òfin tó máa tú ẹrú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ àfi ní 1804, ẹni tó sì jẹ́ ẹrú gbẹ̀yìn níbẹ̀ ò bọ́ títí di 1865. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ "àgbẹ̀ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ là," ẹ rántí pé ọwọ́ àwọn míì wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn ò sí nínú ìtàn WhatsApp.

Àìkàwé ńkọ́? Ìyẹn sún mọ́ òótọ́. Kò lọ sílé ìwé púpọ̀, ó mọ ìwé kọ ó mọ̀ ọ́n kà, àmọ́ sípẹ́lì ẹ̀ ò dáa rárá. Dókítà Benjamin Rush, tóun náà buwọ́ lùwé láti Pennsylvania, ṣàpèjúwe ẹ̀ pé àgbẹ̀ Jersey ni, kò ní ẹ̀tàn, èrò rere ló ní, ẹ̀kọ́ ìwé ẹ̀ kéré àmọ́ ó ní làákàyè, ìwà ẹ̀ sì tó láti wá ire orílẹ̀-èdè ẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Rush yẹn torí kò fi bò, kò sì fi gbé e gẹ̀gẹ̀. Ohun tó rọ́pò ìwé lọ́wọ́ Hart ni pé ó pẹ́ nílé. Lọ́dún 1747 ó fún àwọn oníjọ Baptist ní ilẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ Presbyterian lòun. Lọ́dún 1750 wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ county Hunterdon (county dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), àwọn tó ń rí sí títì, afárá, owó orí, irú iṣẹ́ tí kì í mú orúkọ èèyàn dún. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ó di adájọ́ kékeré, ẹni tí àwọn aládùúgbò ń gbé ọ̀rọ̀ ààlà oko àti gbèsè wá bá. 1761 ló tó wọ ilé aṣòfin, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, àwọn ọdún tí ìjà owó orí láàárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti London ń gbóná, òfin owó òǹtẹ̀ ti 1765 wà nínú ẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọba, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ta lo jẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi rán an lọ sí Philadelphia gan-an ni pé àwọn aṣojú tí New Jersey ní ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, àpérò gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń jókòó níbẹ̀, ń lọ́ra, wọn ò fẹ́ ya kúrò lára ọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 1776, wọ́n mú gómìnà tí ọba fi sí wọn lórí, William Franklin, ọmọ Benjamin Franklin, wọ́n yọ àwọn aṣojú yẹn, wọ́n sì fi márùn-ún tuntun rọ́pò: Stockton lọ́yà, John Witherspoon tó jẹ́ olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Princeton, Francis Hopkinson lọ́yà tó tún ń kọrin, Abraham Clark tó ń wọn ilẹ̀, àti Hart. Lójú tèmi, wọ́n fi Hart sí i torí àwọn àgbẹ̀ county ẹ̀. Ìjọba tó fẹ́ bá ọba jagun máa nílò ọkà, ẹṣin, ọmọ ọkùnrin àti owó orí lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn, ọ̀rọ̀ Witherspoon lè wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí, ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ aráko, ẹni tó ń lọ ọkà wọn ló mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Kò pẹ́ níbẹ̀, ó dìbò fún òmìnira, ó buwọ́ lùwé nínú oṣù kẹjọ, wọ́n pè é wálé wá jẹ spíkà. Kò sọ ọ̀rọ̀ ńlá kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Nǹkan kan ṣì wà tó yẹ kó wà nínú ìtàn WhatsApp tí ò sí. Oṣù kẹfà ọdún 1778, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Philadelphia, wọ́n ń gba New Jersey kọjá lọ sí New York, Washington ń tẹ̀ lé wọn. Hart ní kí àwọn ọmọ ogun wá pàgọ́ sóko òun. Nǹkan bí 12,000 sójà, pẹ̀lú ẹṣin, kẹ̀kẹ́ ẹrù, àgbá ìbọn, nínú oṣù tí ọkà ṣì wà lórí ìdúró! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀yin lẹ lè bá mi ṣírò ohun tó kù nínú oko yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbéra lọ ja ìjà Monmouth lọ́jọ́ 28. Ọdún yẹn ló ṣe ilé aṣòfin mọ, àìsàn ò jẹ́ kó lè dúró mọ́.

Nípa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ ò lè lo ti WhatsApp bó ṣe wà, ọmọ kan tó ní fóònù á wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó jókòó, á sì ba gbogbo ohun tẹ́ ẹ wí jẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹkún lẹ ń wá, Abraham Clark ni kẹ́ ẹ mú, Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ ẹ̀ méjì tó jẹ́ ọ̀gá sójà, wọ́n fi wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń lò fún ẹ̀wọ̀n, òótọ́ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé kí àgbẹ̀ wọ òṣèlú lẹ fẹ́ fà yọ, Hart gidi wúlò ju ti irọ́ lọ, ọdún 26 ló wà láàárín ìgbà tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ afárá àti ìgbà tó di spíkà. Ẹ kàn sọ fún wọn pé ilẹ̀ ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, kí ẹni tí ò ní ilẹ̀ má lọ rò pé ọ̀lẹ lòun ni òun ò fi débẹ̀. Bóyá èyí bá ohun tí ẹgbẹ́ yín ń wá mu, ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn.

Ti bùrọ̀dá yín, kí wọ́n wá ìlú Hopewell, county Mercer ló wà báyìí, kì í ṣe Hunterdon mọ́, torí wọ́n ti pín ilẹ̀ yẹn lọ́dún 1838. Ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì Baptist àtijọ́ ni sàréè wà, lórí ilẹ̀ tí òun fúnra ẹ̀ fún wọn. Ibòmíì ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, wọ́n wá gbé e síbẹ̀, gómìnà Joel Parker ló sì ṣí òpó òkúta orí ẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù keje ọdún 1865. Tí wọ́n bá rí 1780 lára òkúta yẹn gẹ́gẹ́ bí ọdún tó kú, kí wọ́n má dààmú, ẹni tó gbẹ́ ẹ ló ṣì í, 1779 ni.